Gíláàsì Tó Fọ́ Bí Iyọ̀: Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí A Pààrọ̀ Gíláàsì Ẹ̀gbẹ́ Mustang Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ṣé ẹ ti gbọ́ ìró gíláàsì ọkọ̀ rí nígbà tó bá fọ́? Kì í dún bí àwo tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nílé ìdáná. Ó máa ń dún "gbòà!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni wàá gbọ́ "ṣààà", bí ìgbà tí èèyàn bá da ẹ̀wà sínú abọ́ onírin.

Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ford Mustang kan, ti ọdún 2011. Tòkunbọ̀ ni, àmọ́ bí ẹyin ló ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, jókòó sínú ọkọ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Èmi àti bàbá ẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì, à ń tàkúrọ̀sọ. Ọkùnrin kan wà nínú pápá tó ń fi ẹ̀rọ gé koríko. Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ta òkúta kan nìyẹn. Òkúta ọ̀hún ò ju hóró àgbàdo méjì lọ o. Gbòà! Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ ọmọ náà kò sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ké, èmi náà ké. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹ̀jẹ̀ la máa bá. Nígbà tá a máa fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, gíláàsì ti kún orí rẹ̀, ó kún itan rẹ̀, ó kún inú ọ̀rá gúgúrú rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, iyọ̀ ti dà sínú gúgúrú mi."

A gbé e jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a gbọn aṣọ rẹ̀, a yẹ ojú rẹ̀ wò dáadáa. Ibi kan ṣoṣo ló ti ha lápá, kò tiẹ̀ gba bándéèjì. Gíláàsì tó fẹ̀ tó tábìlì kékeré ló fọ́ lé ọmọdé lórí, òun náà ló wá ń bi wá pé ṣé a máa ra gúgúrú mìíràn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fẹ́ bá wa fi gíláàsì mìíràn síbẹ̀. Ká ní irú èyí tí ẹni àkọ́kọ́ mú wá ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ìtàn mìíràn ni mi ò bá máa kọ.

"Gíláàsì ṣáà ni gíláàsì"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rá àti sẹ́lótéèpù bo ojú fèrèsé náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gé gíláàsì fèrèsé ilé ládùúgbò wa yọjú. Ó yọ téèpù jáde, ó wọn ilẹ̀kùn náà, ó ní òun máa gé gíláàsì tó nípọn bákan náà, òun á yọ́ etí ẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ a ti ń fi ọkọ̀ ṣe fàájì. Owó tó pè ò tó ìdá mẹ́rin owó ojúlówó.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Ìwọ tó o ń ka sáyẹ́ǹsì kiri, kí lo rí sí i? Gíláàsì ṣáà ni gíláàsì."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmọ yín ló máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín gíláàsì fèrèsé ilé àti ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe àwọn méjèèjì: yanrìn, sódà àti òkúta ẹfun tí wọ́n yọ́ pọ̀ nínú iná. Bí wọ́n ṣe jẹ́ kí wọ́n tutù ló yàtọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ́ kí gíláàsì ilé tutù, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Tó bá wá fọ́, ńlá ńlá ló máa ń fọ́, ẹnu wọn á mú, wọn á ṣe ṣóńṣó bí ọ̀bẹ. Ẹ ronú kan irú ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọmọ ọdún mẹ́fà.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní tempered. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra bébà ojú fóònù, ẹ mọ orúkọ yẹn dáadáa. Àmọ́ kí ló túmọ̀ sí gan-an?

Eré okùn fífà nínú gíláàsì

Níléeṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ gé gíláàsì náà bó ṣe yẹ kó rí. Wọ́n á lu ihò tó bá yẹ kó wà lára ẹ̀, wọ́n á yọ́ etí ẹ̀ kó dán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tì í sínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bíi 620 sí 650 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Kò ní yọ́ níbẹ̀, àmọ́ á rọ̀ débi tí wọ́n fi lè tẹ̀ ẹ́ kó bá ara ọkọ̀ mu. Kó tó pẹ́, wọ́n á gbé e jáde, atẹ́gùn tútù á sì máa fẹ́ lù ú lójú méjèèjì láti inú ọ̀pọ̀ ihò kéékèèké.

Ibẹ̀ gan-an ni idán náà wà. Ẹ̀yin ara òde gíláàsì ló kọ́kọ́ tutù, ló sì kọ́kọ́ le. Inú rẹ̀ ṣì gbóná. Ẹ sì mọ̀ pé bí nǹkan bá ń tutù, ó máa ń sún kì. Nígbà tó wá kan inú láti tutù, ó fẹ́ sún kì, àmọ́ ara òde ti le, kò fẹ́ tẹ̀ lé e mọ́. Ni inú bá ń fa òde mọ́ra, òde náà bá ń tako ó. Bí wọ́n ṣe máa wà títí ayé nìyẹn: òde wà ní fífún pọ̀, inú wà ní fífà gbọọrọ.

Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń ṣe eré okùn fífà. Apá kan ń fà, apá kejì ń fà, okùn ò yẹ̀. Tó o bá ń wò wọ́n láti òkèèrè, wàá rò pé wọn ò ṣe nǹkan kan, torí kò sẹ́ni tó ń lọ, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Àmọ́ gbogbo iṣan wọn ló le. Ẹ já okùn yẹn láàárín, kẹ́ ẹ wá wo bí gbogbo wọn ṣe máa ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà.

Agbára tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Taya ọkọ̀ kékeré máa ń gba atẹ́gùn tó tó nǹkan bíi 32 psi. Lójú gíláàsì tempered tó péye, agbára tó ń fún un pọ̀ máa ń tó 10,000 psi, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pín in fúnra yín. Ó lé ní ìlọ́po 300.

Ìdí nìyẹn tó fi lágbára tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún gíláàsì ilé. Gíláàsì kì í sábà fọ́ torí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń fọ́ ọ ni pé ìlà tín-ń-tín tí ojú ò lè rí, tó wà lára ẹ̀, ṣí sílẹ̀. Ara òde tempered tó wà ní fífún pọ̀ ni kì í jẹ́ kí ìlà yẹn ṣí, bí ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì pa ẹnu ọgbẹ́ dé.

Àmọ́ ara òde tó ń dáàbò bò ó yìí ò nípọn. Lójú kọ̀ọ̀kan, kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìnípọn gíláàsì náà lọ. Tó bá jẹ́ gíláàsì tó nípọn tó mìlímítà 4, òde ò tó mìlímítà kan. Tí òkúta tó mú lẹ́nu bá ti gba ibẹ̀ kọjá dé inú, okùn já nìyẹn. Ìlà náà á máa pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, á sì máa sáré tó 1,500 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró ohùn wa nínú atẹ́gùn ò sáré tó ìdá mẹ́rin ìyẹn. Kí ojú tó ṣẹ́, gbogbo gíláàsì ti di hóró kéékèèké tí ẹnu wọn kú. "Iyọ̀" tí ọmọ yẹn rí nìyẹn.

Mi ò sọ pé kò lè ṣe èèyàn léṣe rárá o. Tó bá kó sójú, ọ̀rọ̀ dọ́kítà ni, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kó o. Àmọ́ hóró gíláàsì àti ọ̀bẹ gíláàsì kì í ṣe ẹgbẹ́.

Omijé Ọmọba Rupert

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ ju ọkọ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1660, Ọmọba Rupert ti ilẹ̀ Rhine mú ohun ìyanu kan dé ọ̀dọ̀ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí wọ́n bá kán gíláàsì gbígbóná sínú omi tútù, á di ohun kan tó rí bí omijé, tó lórí róbótó, tó sì ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi hámà gbá orí rẹ̀, ó lè má fọ́. Ẹ kàn ṣẹ́ ìrù rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ á di ìyẹ̀fun lójú yín. Eré okùn fífà kan náà ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn onímọ̀ fi ń wò ó bí ohun ìṣeré. Ní ọdún 1874 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, de la Bastie, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tó fi ń ki gíláàsì gbígbóná bọ inú òróró kó lè le. Ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn, Édouard Bénédictus, ló rí ọ̀nà kejì ní ọdún 1903: ìgò kan jábọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sán, àmọ́ kò fọ́n ká, torí pé oògùn kan tó ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ ló dì í mú. Láti ibẹ̀ la ti rí gíláàsì laminated, ìyẹn gíláàsì méjì tí wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín sáàárín wọn. Òun ló wà níwájú ọkọ̀ yín. Tí òkúta bá bà á, á sán bí òwú aláǹtakùn, àmọ́ kò ní já lu yín.

Ẹni kejì àti gíláàsì tó bú

Ọ̀gbẹ́ni tó ń gé gíláàsì ilé lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn dé. Eléyìí ní ohun tí mo wí yé òun, tempered lòún máa lò. Ó ní gíláàsì ọkọ̀ mìíràn wà lọ́wọ́ òun tó tóbi ju ti Mustang lọ díẹ̀, òun á kàn gé etí ẹ̀ kúrò.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò ní ṣeé gé."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ kékeré ni mí, iṣẹ́ yìí ti pé ogún ọdún lọ́wọ́ òun. Mo sún sẹ́yìn. Ó fi ohun èlò rẹ̀ fa ìlà àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Gbòà! Ṣààà! Gbogbo gíláàsì náà dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ awò ojú rẹ̀.

Mi ò rẹ́rìn-ín o, torí àánú rẹ̀ ṣe mí. Ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ lára gíláàsì ilé ló ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè já okùn láàárín kó ní kí apá kan máà ṣubú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé gíláàsì ọkọ̀ kí wọ́n tó kì í bọ iná. Tó bá ti jáde, bó ṣe rí ló máa rí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òún gé tempered, tí kò sì bú, ẹ yẹ ohun tó gé wò dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gíláàsì ilé.

Ládípọ̀ àti òǹtẹ̀ kékeré

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, l'Ékòó. Kí a tó lọ, mo ya fọ́tò igun ìsàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kejì tí kò fọ́. Ẹ lọ wo igun gíláàsì ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá wà nítòsí yín, ẹ máa rí òǹtẹ̀ kékeré kan níbẹ̀. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń ní DOT àti nọ́ńbà iléeṣẹ́ tó ṣe é. AS1 wà fún gíláàsì iwájú, AS2 sì wà fún èyí tí wọ́n gbà láyè níbòmíràn ṣùgbọ́n tí kì í ṣe iwájú. Lára ọkọ̀ Yúróòpù, lẹ́tà E àti nọ́ńbà nínú òbìrí ni ẹ máa rí. Ọ̀rọ̀ náà "TEMPERED" tàbí "LAMINATED" sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Irú èyí tó wà lára ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀, torí pé àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí wọ́n ń lo laminated lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí.

Ìbéèrè tí oníṣòwò náà bi wá pọ̀: ọdún wo? Apá ọ̀tún àbí òsì? Olórí líle àbí èyí tí wọ́n ń ká orí ẹ̀? Ó gbé "Belgium" kan jáde, ìyẹn àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òkè òkun. Mo fi òǹtẹ̀ rẹ̀ wé fọ́tò mi, mo fi ìka lọ gbogbo etí ẹ̀ yí ká bóyá ó ti ṣán níbì kan, torí etí ni gíláàsì tempered ti máa ń ní àìlera jù.

Mo tún ṣe ìdánwò kan tẹ́ ẹ̀yin náà lè ṣe. Mo wọ awò oòrùn tí wọ́n ń pè ní polarised, mo sì wo ojú ọ̀run láti inú gíláàsì náà, mò ń yí i síbí sọ́hùn-ún. Àwọn àmì kọ̀ọ̀kan yọ bí àmì ara ẹkùn. Ibi tí atẹ́gùn tútù ti fẹ́ lù ú ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é nìyẹn, torí pé bí wọ́n ṣe fún un pọ̀ ò dọ́gba níbi gbogbo, ìmọ́lẹ̀ sì ń fi ìyẹn hàn. Oníṣòwò náà gba awò lójú mi, ó wò ó títí, ó ní, "Háà, ọjọ́ tí mo ti ń ta á nìyí, mi ò rí èyí rí!"

Ìdí tí ti sports car fi le

Ká ní ọkọ̀ kékeré lásán ni, irin ilẹ̀kùn á yí gíláàsì náà ká lókè, á dì í mú. Ilẹ̀kùn Mustang ò ní férémù lókè. Gíláàsì náà dá dúró ni, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú rọ́bà tó wà lára òrùlé rẹ́gí. Tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, gíláàsì á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ fúnra ẹ̀ kó lè jáde lábẹ́ rọ́bà. Tẹ́ ẹ bá tì í pa, á tún gòkè lọ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń darí rẹ̀. Gíláàsì tí wọ́n fi ojú díwọ̀n ò lè ṣe iṣẹ́ yìí láéláé.

Mẹkáníìkì wa ní Ìbàdàn ló bá wa fi sí i. Ó yọ okùn bátìrì, ó tú síkúrù, ó ṣí pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn, ó sì ká ọ̀rá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́, torí ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kí omi wọnú ọkọ̀. Hóró gíláàsì tó wà nínú ilẹ̀kùn pọ̀ ju èyí tó dà sórí ọmọ lọ. Wákàtí kan gbáko la fi ẹ̀rọ fà á jáde. "Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀," ni ọ̀gá wí, "á ha gíláàsì tuntun, á sì dí ihò tí omi òjò ń gbà jáde nísàlẹ̀. Ìpatà á wá jẹ ilẹ̀kùn yín."

Ó rọra sọ gíláàsì kalẹ̀ sínú ilẹ̀kùn, ó dè é mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé e sókè sódò. Kò fún bóòtù le tán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó tún un ṣe, ó tún gbé e. Ó fi bébà sáàárín gíláàsì àti rọ́bà, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa bébà náà. Níbi tó bá ti yọ wọ́rọ́, gíláàsì ò tíì wọlé dáadáa níbẹ̀. Ìgbà tí bébà ti le fà yí ká ló tó fún bóòtù pa.

Nígbà tí bátìrì padà, gíláàsì ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ tá a bá ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ọ̀gá ní kó fara balẹ̀, kọ̀ǹpútà ló gbàgbé ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ wà. Ó tẹ bọ́tìnnì títí gíláàsì fi sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, ó dì í mú síbẹ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sókè. Bó ṣe rántí nìyẹn. Ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe rí, ẹ kà á.

Kẹ́ ẹ tó lọ

Ohun kan tún wà. Àwọn hámà kékeré tí wọ́n ń tà fún ìgbàlà, tí ọkọ̀ bá kó sómi, gíláàsì tempered ni wọ́n ń fọ́. Apá igun ni kẹ́ ẹ gbá, kì í ṣe àárín. Wọn kì í sábà rí laminated fọ́. Torí náà, mímọ òǹtẹ̀ igun gíláàsì yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ gíláàsì nìkan.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Ọmọ náà fi ìka kan gíláàsì tuntun, ó bi bàbá ẹ̀ léèrè pé tí òkúta bá tún bà á ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Á tún di iyọ̀ ni, ọmọ mi. Ìdí tí mo fi san owó ẹ̀ nìyẹn."

Ó yá, ẹ lọ wo igun gíláàsì ọkọ̀ ilé yín. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?